Aago wo gan-an ni ọsibítù ń kà?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làákàyè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo pé kí wọ́n ṣòfin sí i, kí kọnsọ́tántì, ìyẹn dókítà àgbà tó mọ̀ nípa irú àìsàn kan ní pàtó, lè máa tètè rí aláìsàn. Èmi ò rò pé òfin ló wọ́n wa jàre. Aago ni wọ́n fi ń rẹ́ wa jẹ.

Ọdún tó kọjá, ojú ọ̀tún bàbá mi ṣàdédé ṣókùnkùn láàárọ̀, wọ́n ní ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan fa kọ́tìnnì bò ó. A sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù kan, dókítà kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹ̀ wọ́n wò, ó kọ fọ́ọ̀mù pé kí dókítà ojú wá rí wọn kíákíá, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo dúró sí bó ṣe ń kọ ọ́, báírò búlúù ló fi kọ 10:15 síbẹ̀. La bá jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ béèrè, nọ́ọ̀sì á ní "a ti pè wọ́n, wọ́n ń bọ̀." Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ṣíìfù, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lóun ò rí fọ́ọ̀mù kankan, wọ́n bá kọ òmíràn, báírò dúdú, 4:30. Dókítà ojú dé ní nǹkan bí 5:10. Tẹ́ ẹ bá ṣí fáìlì yẹn lónìí, ogójì ìṣẹ́jú péré ni bàbá mi fi dúró. Ó mà dáa o! Wákàtí mẹ́fà ó lé ti wọlẹ̀ sáàárín báírò méjì.

Mi ò bínú sí dókítà yẹn, ẹ má ṣì mí gbọ́. Tíátà iṣẹ́ abẹ ló ti ń bọ̀, fìlà tíátà ṣì wà lórí ẹ̀, òun nìkan ló ń dá gbogbo ẹ̀ ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó tún wá dùn mí nìyẹn, torí tí ìwé bá ti ń sọ pé ogójì ìṣẹ́jú ni, ta ló máa gba dókítà kejì kún un? Irọ́ tí wọ́n kọ sí fáìlì ń pa dókítà náà lára.

Ní England, ìlànà wọn ni pé ẹni tí wọ́n bá gbà wọlé ní pàjáwìrì, kọnsọ́tántì gbọ́dọ̀ rí i láàárín wákàtí 14, ìgbà tí wọ́n gbà á wọlé ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ìgbà tí ẹnì kan bá rántí kọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n tún ní òmíràn tó ní kí ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń dúró má dúró kọjá ọ̀sẹ̀ 18 kí ìtọ́jú wọn tó bẹ̀rẹ̀. Àtọdún 2016 ni wọn ò ti bá a mọ́, àmọ́ oṣooṣù ni wọ́n ń gbé iye náà síta, ojú ń tì wọ́n ní gbangba. Ti Amẹ́ríkà, òfin wọn ní kí ọsibítù ní orúkọ àwọn dókítà àgbà tí wọ́n lè pè sílé pàjáwìrì, kí wọ́n sì dé lákòókò tó bójú mu. Tó bójú mu lójú ta ni?

Ara kì í ka fọ́ọ̀mù. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ ẹni tó ní rọpárọsẹ̀, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n fún un, látìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kí wọ́n kọ aago lẹ́ẹ̀kan, kí fọ́ọ̀mù tó bá sọnù má sọ aago dọ̀tun, kí wọ́n fún àwa ẹbí ní ẹ̀dà kan. Kí kọnsọ́tántì tó kàn dáhùn lórí fóònù má sì kọ "mo ti rí i" o.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá mi, ojú náà ń ríran, ṣùgbọ́n wọn ò lè fi kàwé mọ́. Mo kọ̀wé ẹ̀sùn sí ọsibítù náà, èsì tí wọ́n fún mi ni pé àwọn rí wọn láàárín ogójì ìṣẹ́jú, ó sì bá òfin mu.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín