Kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù, fèrèsé ẹ̀yìn ni

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ló ya àwòrán lẹ́tà kan nínú ìwé ìròyìn yín, tó fi ṣọwọ́ sí mi lórí WhatsApp. Bàbá kan ló kọ ọ́ láti Òṣogbo. Ọmọ wọn àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ háyà ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ bí ilé, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà níbí ń pè ní RV, kí wọ́n fi kó ẹbí láti Houston lọ síbi ìgbéyàwó ní Atlanta. Nígbà tí bàbá gbọ́ pé wọn yóò máa tan jẹnẹrétọ̀ bí ọkọ̀ ti ń sáré lọ, kí éésì lè máa ṣiṣẹ́, wọ́n ní ikú ni àwọn ọmọ ń wá kiri. Wọ́n wá fi kún un pé bí wọn kò bá gbọ́ràn, kí wọ́n ṣáà ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa kó èéfín jáde.

Ẹ̀rù tó ń ba bàbá kò yà mí lẹ́nu. Ta ló dàgbà nílé tí kò tíì gbọ́ nípa ìdílé tó tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́, tí ilẹ̀ mọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ṣílẹ̀kùn? Àmọ̀ràn fèrèsé yẹn ni n kò lè gbọ́ kí n dákẹ́, nítorí bí àwọn ọmọ bá tẹ̀ lé e, òun gan-an ló lè ṣe wọ́n ní jàǹbá.

Mo wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé ní Houston níbí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ni èmi àti Bàbá Ìbejì ra àlòkù RV kan, irú èyí tí wọ́n kọ́ sórí ọkọ̀ akẹ́rù Ford E-450, tó ní bẹ́ẹ̀dì lókè orí awakọ̀. Bàbá Ìbejì ló ń wà á jù. Ọwọ́ mi ni jẹnẹrétọ̀ wà, nítorí wọn kì í ní sùúrù fún un.

Éésì méjì ló wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti iwájú, ẹ́ńjìnnì ló ń fi bẹ́líìtì yí i, bíi ti mọ́tò yòókù. Awakọ̀ àti ẹni tó jókòó tì í nìkan ló ń gbádùn rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, tí ooru Texas àti Louisiana bá dé 95 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn 35 lórí Celsius, aṣọ á lẹ̀ mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn lára kí ẹ tó dé Beaumont. Ti orí òrùlé ló lè tu ẹ̀yìn lára. Agbára tiwa jẹ́ 13,500 BTU (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára éésì nìyẹn), iná 120 volt bíi ti ilé ló sì ń lò, nǹkan bíi 1,500 wáàtì. Bí ẹ bá ní kí bátìrì 12 volt gbé e, áńpù tó máa fà á lé ní 120, èyí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí alternator ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná, lè pèsè. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan wà tí wọ́n fi alternator kejì àti bátìrì lithium ńláńlá sí, wọn kò ní jẹnẹrétọ̀ rárá. Bí irú ìyẹn ni ọmọ bàbá bá háyà, ọ̀rọ̀ ti tán. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń fi háyà kò rí bẹ́ẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ inú RV kì í ṣe "I better pass my neighbour" o. Onan ni orúkọ tiwa, 4,000 wáàtì ni. Wọ́n ti dè é mọ́ ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́, nínú àpótí irin tó jẹ́ pé ìta nìkan lẹ ti lè ṣí i. Abẹ́ ló ti ń fa atẹ́gùn, abẹ́ náà ni páìpù èéfín rẹ̀ gbà jáde, a sì ń tẹ bọ́tìnnì nínú ọkọ̀ láti tan án. Wọ́n ṣe é kó lè máa ṣiṣẹ́ bí ọkọ̀ ti ń lọ. Inú táǹkì ọkọ̀ gan-an ló ti ń fa epo, ṣùgbọ́n ẹnu páìpù tó fi ń fà á kò kan ìsàlẹ̀ táǹkì. Bí epo bá ti sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, á kú fúnra rẹ̀, kí èyí tó kù lè jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì. Bí éésì kan bá wà lórí rẹ̀, nǹkan bí ìdajì gálọ́ọ̀nù ló ń jẹ ní wákàtí kan. Houston sí Atlanta tó 800 máìlì, ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í sì í sábà rìn ju máìlì 8 sí 10 lọ lórí gálọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó bá ń pa jẹnẹrétọ̀ nítorí owó epo kò tíì jókòó ṣírò.

Ó wá ku fèrèsé. Ẹ rántí bọ́ọ̀sì tó ń gba ọ̀nà eléruku lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Táyà ń da eruku sẹ́yìn, ọkọ̀ ń sáré kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ni eruku ń bò jù, àwọn tó jókòó sẹ́yìn ló sì ń wúkọ́. Ọkọ̀ tó rí gbàgìdì bá ti ń sáré, ó ń ti atẹ́gùn sápá ọ̀tún àti òsì, àyè tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn á ṣófo, atẹ́gùn tó wà nítòsí á ya wá dí i, ohun tó bá sì bá lábẹ́ ọkọ̀ ló máa kó dání. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti ẹ́ńjìnnì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà. Tí fèrèsé ẹ̀yìn bá wá ṣí, tí ti awakọ̀ náà sì ṣí, atẹ́gùn iwájú á máa fa ti ẹ̀yìn wọlé, á gba orí bẹ́ẹ̀dì tí àwọn ọmọdé sùn sí kọjá. Títì pa ni kí fèrèsé ẹ̀yìn wà. Fáànù orí òrùlé tó wà ní balùwẹ̀ náà, ẹ má tan án lójú ọ̀nà. Ìta ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ó sì gbọ́dọ̀ rí òmíràn fà wọlé láti ibì kan. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa yan ibi tó ti máa rí i.

Carbon monoxide ni wọ́n ń pe ohun tó ń pani nínú èéfín yẹn. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Tó bá wọ ẹ̀jẹ̀, á gba ipò tó yẹ kí oxygen wà, agbára tó fi ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ sì fi ìlọ́po tó lé ní 200 ju ti oxygen lọ. Orí á máa fọ́ èèyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, á máa bì. Lójú ọ̀nà, gbogbo wa la máa sọ pé ìrìn ọkọ̀ ni kò bá ọmọ lára mu, a ó fún un ní àgbálùmọ̀ lá tàbí omi mu, a ó sì máa lọ. Bó bá ṣe ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dúró, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo ènìyàn bọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà.

Aago kan wà nínú ọkọ̀ tó ń han bí carbon monoxide bá wà. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí ẹ fi lè dán an wò, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 5 sí 7 ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ọ̀ṣọ́ ara ògiri ló kù. Ọmọ àbúrò mi kan yọ tiẹ̀ dànù nítorí pé ó ń ké bíi kíríkẹ́ẹ̀tì lóru. Bátìrì rẹ̀ ló ti ń kú. (Kí ẹ má ṣe kà á mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀. Ti gáàsì ìdáná nìyẹn, nítorí gáàsì wúwo ju atẹ́gùn lọ.) Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ nílé fún ọdún, aago carbon monoxide kan nínú àpótí yín á wúlò fún ìyá yín ju ṣokoléètì lọ.

Ká sòótọ́, ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ló ń já mi láyà jù. Lójú ọ̀nà, atẹ́gùn ń gbé èéfín sá. Níbi ìgbọ́kọ̀sí lóru, ó máa ń dúró sábẹ́ ọkọ̀, ti aládùúgbò náà á sì dà á pọ̀ mọ́ tiyín. A kì í tan tiwa sùn. Ibùdó tí wọ́n ń ta iná fún RV la máa ń sanwó sí, ká ki púlọ́ọ̀gì 30 áńpù bọ̀ ọ́, ká sinmi.

Àwọn èèyàn wa kan tún wà tí mo fẹ́ bá wí. Àwọn tó ń fi RV háyà máa ń gba owó lórí wákàtí tí ẹ bá fi lo jẹnẹrétọ̀. Mo fojú ara mi rí àwọn tí wọ́n fẹ́ yẹra fún owó yìí. Wọ́n so jẹnẹrétọ̀ kékeré mọ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn pẹ̀lú okùn, wọ́n gba wáyà kọjá lójú fèrèsé, aṣọ ẹbí ṣì wà lọ́rùn wọn. Epo wà nínú rẹ̀, sàlẹ́ńsà rẹ̀ tó gbóná kọjú sí ògiri ọkọ̀, fèrèsé ẹ̀yìn tí mo ń wí yìí kò sì lè tì nítorí wáyà. Ìyẹn ni kí bàbá Òṣogbo bá àwọn ọmọ wọn jà sí.

Ìyókù kò ju ìlò lọ. Ẹ pa éésì kí ẹ tó tan jẹnẹrétọ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀ kí ẹ tó tan éésì padà, bó ṣe yẹ kí ẹ pa éésì ṣáájú nìyẹn tí ẹ bá fẹ́ pa á. Bàbá Ìbejì kì í ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tí ojú wọn rí. Tí ẹ bá ń yà sílé epo, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ àti iná gáàsì fíríìjì kí ẹ tó dé ìdí ẹ̀rọ epo. Éésì ẹ̀yìn kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa dín dòdò lójú ọ̀nà tàbí kó na ara sórí bẹ́ẹ̀dì láìde bẹ́líìtì.

Ọ̀nà márosẹ̀ I-10 ni àwọn ọmọ bàbá máa gbà. Láàárín Lafayette àti Baton Rouge, wọ́n máa bá afárá Atchafalaya, tó gùn tó 18 máìlì lórí irà, kò sì sí ilé epo lórí rẹ̀. Kí wọ́n ra epo ní Lafayette, kí táǹkì má wà nítòsí ìdá kan nínú mẹ́rin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orí afárá yẹn gan-an ni éésì máa kú sí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Houston, Texas.