Oṣù Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Lé Kì í Ràn Lọ́gànjọ́ Òru

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Ìtàn àtìgbàdégbà tí ẹ ń gbé jáde ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé sí yín. Nínú èyí tí mo kà lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn olè wọ ilé ọlọ́jà kan lọ́gànjọ́ òru. Òǹkọ̀wé yín ní oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ló ràn sí wọn lójú tí aládùúgbò fi dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kì í rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òru bá fi máa dá, oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ti wọ̀ tipẹ́.

Ọdẹ ni mí. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣọ́ ọjà pákó kan n'Ìbàdàn níbí. Aago méje alẹ́ ni mò ń wọlé, mo máa ń jáde láago mẹ́fà àárọ̀. Ọdẹ aperin ni bàbá tèmi ń ṣe ní Òkè-Ògùn, òun ló sì kọ́ mi pé ọdẹ tí kò bá mọ ìgbà tí òṣùpá máa yọ, ẹran ló máa kọ́kọ́ rí i. Lálẹ́ àrànmọ́jú, tí òṣùpá kún tó sì ń ràn títí ilẹ̀ fi mọ́, ilé ni àwọn ọdẹ inú igbó máa ń jókòó sí, wọn a máa tún ìbọn ṣe.

Lóṣù kọkànlá ọdún 2025 yìí, mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ohun tí mo bá rí sínú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 22, oṣù tuntun wà lápá ìwọ̀ oòrùn, ó tín-ín-rín, ó dùbúlẹ̀ bí igbá tí wọ́n gbé kalẹ̀ tí kò jókòó dáadáa. Mo tẹjú mọ́ ọn títí mo fi rí ìyókù ara rẹ̀ nínú igbá yẹn, ó rí bí eérú. Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ sọ fún mi pé ìmọ́lẹ̀ ilé ayé wa yìí ló ń tàn padà sí i lára. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tó fi wọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 28, ìdajì rẹ̀ ti mọ́lẹ̀, òkè orí mi gan-an ló sì wà nígbà tí mò ń ṣí géètì, ó wá kọjá aago méjìlá òru kó tó wọ̀. Àrànmọ́jú bọ́ sí ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀pẹ. Oòrùn kò tíì wọ̀ tó fi yọ, mo sì fi í sílẹ̀ lójú sánmà nígbà tí mò ń lọ ilé láàárọ̀. Lóru ọjọ́ náà, mo ka nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára pákó láìtan tọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn àrànmọ́jú ni wàhálà ọdẹ máa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 8, ó kọjá aago mẹ́sàn-án kí òṣùpá tó yọ láàárín òkìtì pákó méjì, ó pọ́n bí epo. Ilẹ̀ ti ṣú láti nǹkan bí aago méje. Wákàtí méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn tí ènìyàn ò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn olè mọ wákàtí náà dáadáa. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi fúnra mi ni mo sọ pé ṣebí òṣùpá wà lọ́sẹ̀ yìí, mi ò ra bátìrì. Alẹ́ kẹrin lẹ́yìn àrànmọ́jú ni. Nígbà tí òṣùpá yọ, ipa bárò ni mo rí nínú ìyẹ̀fun pákó, pákó ìrókò mẹ́sàn-án ti lọ. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù mi, ọdún yẹn sì ni ọmọ yìí fẹ́ san owó ìdánwò.

Òun náà ló fi àgbálùmọ̀ àti tọ́ọ̀ṣì mi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì sórí àga, ó ní oòrùn nìyẹn, kí n dúró bí ilé ayé, ó wá gbé àgbálùmọ̀ yí mi ká. Gbogbo ìgbà ni ìmọ́lẹ̀ ń bá ìdajì àgbálùmọ̀ náà, àmọ́ ibi tí òun bá dúró sí ló ń sọ ìwọ̀n tí èmi máa rí. Ó ní ìhà kan náà tí ilé ayé ń yí sí ni òṣùpá náà ń yí ilé ayé ká sí, nítorí náà kí ilé ayé tó yí padà sí ibi àná, òṣùpá ti sún síwájú. Bí ìṣẹ́jú 50 ló fi ń pẹ́ sí i lójoojúmọ́, ó máa ń dín nígbà mìíràn, ó sì máa ń lé. Bí a bá pín in dọ́gba, ọjọ́ 29, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 44 ló wà láàárín oṣù tuntun kan sí èkejì. Ìdí nìyẹn tí oṣù àwa Mùsùlùmí fi máa ń jẹ́ 29 nígbà kan, tó máa ń jẹ́ 30 nígbà mìíràn.

Lọ́jọ́ 12 tí mo dúró de ọ̀gá mi títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń nawọ́ sókè, wọ́n ń bi mí pé kí ni òṣùpá ń wá lójú ọ̀sán. Mo ní òru ló yọ, ọ̀sán gangan ló máa wọ̀. Wọn ò gbà mí gbọ́. Inú mi bàjẹ́, torí ọmọ ogún ọdún ni wọ́n, wọ́n sì ń rìn lábẹ́ ẹ̀ lójoojúmọ́.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ bá wa fi àyè tó tó páálí ìṣáná sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, kí ẹ máa kọ aago tí òṣùpá máa yọ àti aago tó máa wọ̀ síbẹ̀. Àwa ọdẹ á lò ó, apẹja á lò ó, ẹni tó ń ti oko àlẹ́ bọ̀ náà á lò ó. Kí òǹkọ̀wé yín sì máa wò ó kó tó kọ̀tàn.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2025 yìí, bí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ jáde síta kí ẹ kọjú sí ibi tó wọ̀ sí. Bí ọyẹ́ ò bá bò ó, ẹ ó rí igbá náà. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o, torí kó tó di aago mẹ́jọ ààbọ̀, ó ti wọ̀.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ọdẹ, Ìbàdàn