Àkànní, ohùn rẹ ni mo ń wá

Àkànní ọmọ mi,

Oṣù kẹta rèé tí n kò gbóhùn rẹ. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Àbúrò rẹ ti ṣèdánwò tán. A ti tún òrùlé yàrá ẹ̀yìn tó ń jò ṣe.

Ẹnìkan sọ fún mi pé o yáwó láti fi tọrẹ ní ìjọ, ohun tí wọ́n ń pè ní gbígbin irúgbìn, wọ́n ní Ọlọ́run yóò dá a padà ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún kí oṣù tó parí. Oṣù parí, gbèsè ló kù. Ṣé torí o kò rówó fi ránṣẹ́ lo ṣe dákẹ́? Ta ló béèrè owó lọ́wọ́ rẹ?

Gbèsè kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Gbèsè á tán. Ẹ̀rù mi ni pé kí o máa dá jókòó níbẹ̀, kí o máa rò pé Ọlọ́run ti kọ̀ ọ́.

Inú sì bí mi sí ọ! Ìwọ tí mo kọ́ ní Bíbélì kíkà! Opó tó fi owó wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí, o mọ ìtàn rẹ̀ dáadáa. Ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́, Máàkù 12, ẹsẹ 40? Jésù ń bá àwọn akọ̀wé wí níbẹ̀, àwọn tó ń jẹ ilé opó run, tí wọ́n ń fi àdúrà gígùn bojú. Ka méjèèjì pọ̀.

N kò sọ pé owó burú o. Ábúráhámù ní fàdákà, ó ní wúrà. Ìfẹ́ owó ni Pọ́ọ̀lù pè ní gbòǹgbò ibi nígbà tó kọ̀wé sí Tímótì. Ṣùgbọ́n wo ọlọ́rọ̀ inú Lúùkù 16, kò lórúkọ. Alágbe tí ajá ń lá egbò rẹ̀ ni Jésù pè ní Lásárù. Ṣé Ọlọ́run kọ Lásárù ni? Ó ha kọ ìwọ náà bí?

Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ ọ́. Nígbà tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ, mo bi í pé, “Ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ ṣẹ̀ tí Ọlọ́run fi tilẹ̀kùn mọ́ wa?” Kò fèsì. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ 21, mo ń wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù, àwọn tó ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fa ìyà tó ń jẹ ẹ́, ló wà lẹ́nu mi, n kò mọ̀. Ìgbà tí mo ka ìwé Jóòbù orí 42, níbi tí Ọlọ́run ti bínú sí wọn, bàbá rẹ ti kú. N kò rí i bẹ̀ mọ́.

O wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́. O kéré, àmọ́ o gbọ́. Kí pásítọ̀ kankan tó sọ fún ọ pé ẹni tí kò rí ṣe ni Ọlọ́run ń bínú sí, èmi ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Dárí jì mí.

Má yáwó fi gbin irúgbìn mọ́, mo kìlọ̀ fún ọ. Sọ iye gbèsè náà fún mi, ká jọ wá bí a ó ṣe san án. Bí kò bá sí owó ìpè, fìláàṣì mi, èmi á pè padà. Ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí mi ni fóònù ń sùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ