Ta Ló Ṣe É? Ẹ Lọ Wo Eré Kòríà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó gbà pé ìfẹ́ àti omijé nìkan ló kún inú eré Kòríà pé irọ́ ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí mo wo Beyond Evil, tó jáde ní 2021. Ọlọ́pàá méjì, ìlú kékeré kan, àwọn obìnrin tó dàwátì. Bí Shin Ha-kyun, òṣèré tó ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà, bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, ara mi a bù máṣọ! Mo ní bébà tí mo ń kọ orúkọ àwọn tí mo fura sí sí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pa orúkọ ẹnì kan náà rẹ́, tí mo tún un kọ.

Ẹni tó bá fẹ́ràn àdììtú tó ń rọra tú, kó wá Stranger ti 2017. Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ti gba ìmọ̀lára lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ìjọba tó ń tọpa apànìyàn níbẹ̀. Ẹ fara da apá méjì àkọ́kọ́ o: orúkọ wọn jọra, èmi gan-an ń pe ọ̀gá ní ọmọọṣẹ́.

Signal ti 2016 ń kọ́? Ọlọ́pàá òní ń fi wọkitọ́kì bá ti àná sọ̀rọ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lóru.

Èmi òǹkàwé yín tí oorun ń kùn.