Òkúta Kékeré Tó Wà Lábẹ́ Irin

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé àlàáfíà ni ìwọ àti àwọn ará ilé rẹ wà ní Leeds. O béèrè bí èmi àti ìyàwó mi, àwa méjì péré, ṣe yí òkúta ńlá ẹ̀yìnkùlé wa kúrò, òkúta tí ó ti àwọn ọkùnrin mẹ́ta lójú ìwọ gan-an.

Irin gbọọrọ kan ni mo yá, ẹsẹ̀ bàtà 6 ni gígùn rẹ̀. Mo ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ òkúta náà, mo sì fi òkúta kékeré kan sí abẹ́ irin kí ó lè rí ohun gbára lé. Ẹsẹ̀ bàtà 2 ni òkúta kékeré yìí kọ́kọ́ fi jìnnà sí ẹnu irin. Mo tẹ irin náà títí òógùn fi bò mí, ẹrù kò mira. Ìyàwó mi ló ní kí n sún òkúta kékeré náà mọ́ ìdí ẹrù, mo sì sún un títí ó fi ku ààbọ̀ ẹsẹ̀ bàtà. Mo tún tẹ̀ ẹ́, òkúta ńlá sì gbéra nílẹ̀.

Agbára mi kò lé sí i, irin kò sì gùn sí i; ibi tí irin gbára lé nìkan ló yí padà. Ní àkọ́kọ́, apá irin tó wà lọ́dọ̀ mi jẹ́ ìlọ́po 2 apá tó wà lọ́dọ̀ ẹrù; nígbà tí mo sún un, ó di ìlọ́po 11, tó fi jẹ́ pé bí mo bá fi agbára kílò 20 tẹ irin, yóò gbé ẹrù kílò 220. Òfin yìí ni Archimedes ará Syracuse, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì àtijọ́, ẹni tó kú ní ọdún 212 ṣáájú ìbí Kristi, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irin kì í fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọwọ́ mi bá lọ sílẹ̀ ní íńṣì 11, íńṣì 1 péré ni òkúta ń gòkè, nítorí náà ni ìyàwó mi ṣe ń ki pákó há abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí mo bá tẹ̀ ẹ́, kí ó má baà padà sílẹ̀.

Apá wa náà jẹ́ irú irin bẹ́ẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ló kàn ń ṣe, ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù nìyí. Ìgbọ̀nwọ́ ni apá gbára lé, iṣan tó ń ká a sokè sì so mọ́ egungun nítòsí ìgbọ̀nwọ́ gan-an, nígbà tí korobá tí a gbé wà lókèèrè ní àtẹ́lẹwọ́. Agbára tí iṣan ń lò pọ̀ ju ìwúwo korobá lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ṣùgbọ́n bí iṣan bá sún kì díẹ̀, ọwọ́ á ti rìn jìnnà, kíákíá.

Jọ̀wọ́, fi rúlà kan àti pẹ́ńsùlù han ọmọ rẹ. Kí ó fi pẹ́ńsùlù sí abẹ́ àárín rúlà gẹ́lẹ́, kí ó to owó ẹyọ 2 sórí ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí pẹ́ńsùlù, kí ó sì máa sún ẹyọ 1 tó dọ́gba pẹ̀lú wọn kiri ní apá kejì, títí rúlà yóò fi dúró déédéé. Kọ ibi tí ẹyọ 1 náà bá dúró sí ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.