Lẹ́tà sí Kípà: ta ni ká fi ṣe balógun?

Láfíàjí, Èkó.
Ọjọ́ Àìkú, lálẹ́.

Kípà mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú òtútù Kánádà o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa wà dáadáa níbí, àfi iná tó ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, ìwọ ló sì yẹ kí n bá sọ ọ́, torí kò sí ẹni tó pẹ́ tó ọ nínú gbogbo wa lẹ́yìn wíkẹ́ẹ̀tì, igi mẹ́ta tí kípà máa ń dúró ṣọ́. Sátidé tó ń bọ̀ la máa yan balógun tuntun fún ikọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì wa. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn: Mànàmáná. O ò mọ̀ ọ́n, o ti lọ kó tó dé. Bó bá ń sáré bọ̀ láti ju bọ́ọ̀lù ní TBS, àwọn tó ń kọjá lọ sí Oníkàn á dúró wòran. Wọ́n ní ẹni tó ń gba wíkẹ́ẹ̀tì jù, ìyẹn ẹni tó ń mú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù jáde jù, ló yẹ kó ṣáájú. Mo ní ó tì o. Ọ̀tọ̀ ni ká mọ dáńfó wà, ọ̀tọ̀ ni ká jẹ́ alága gáréèjì ní Ọbáléńdé.

Ṣé o rántí ìtàn Ian Botham, ìràwọ̀ tó ń ju bọ́ọ̀lù tó sì ń gbá a? Ní 1980 ni wọ́n fi í ṣe balógun ikọ̀ England. Ó kó wọn lọ sí eré Test 12, eré ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, wọn ò jẹ ọ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó gbé e sílẹ̀ ní 1981, tí Mike Brearley gbà á, eré tó tẹ̀ lé e gan-an, ní Headingley, ni Botham ti lu rọ́ọ̀nù 149, ìyẹn àmì ayò, tí wọn ò sì rí i mú jáde. Ẹrù ló sọ̀ kalẹ̀ lórí ọkùnrin náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá ló tún mú ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Balógun wa rìnrìn àjò, wọ́n bá ní kí Mànàmáná dì í mú. Eré 20 ófà ni, bọ́ọ̀lù mẹ́fà ní ófà kan, o sì mọ̀ pé òfin ò gbà kí ẹnì kan jù ju ófà 4 lọ. Kí ófà 8 tó pé, Mànàmáná ti ju mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tirẹ̀ tán! Wíkẹ́ẹ̀tì 3 ló gbà, ariwo ta. Ó ń fi bọ́ọ̀lù nu itan títí ṣòkòtò funfun fi pọ́n bí ìgbà tí epo dà sí i. Ọmọ ọlọ́wọ́ òsì kan wà létí okùn ààlà pápá, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù tó máa ń yí. Ó káwọ́ sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó wo ibi tó wà. Ìgbà tó di ófà tó kẹ́yìn, rọ́ọ̀nù 7 ló kù kí àwọn alátakò wa jẹ, àwọn tiwa tí Mànàmáná gbẹ́kẹ̀ lé sì ti ju tiwọn tán. Ẹlòmíràn tó ti ń sá fún bọ́ọ̀lù látàárọ̀ ló gbé e fún. Bọ́ọ̀lù méjì péré, wọ́n ti kó báàtì wọn wọ́kọ̀.

Mi ò sọ pé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ò lè ṣe balógun o. Kapil Dev, tó ń ju bọ́ọ̀lù, ló ṣe balógun tó gba Ife Àgbáyé fún Íńdíà ní 1983, ní pápá Lord's. Viv Richards ti West Indies ń nà wọ́n bí ẹni na aṣọ òfì lọ́jọ́ náà. Madan Lal, ọ̀kan lára àwọn tó ń jù fún Íńdíà, bẹ Kapil pé kó fún òun ní ófà kan sí i, Kapil sì gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yá a lára. Richards gbá a sókè, Kapil sáré lọ sẹ́yìn, ó hán an, Richards sì jáde. Íńdíà ní 183, West Indies kú sí 140. Ọwọ́ tirẹ̀ náà ì bá gba bọ́ọ̀lù yẹn, ó fún ẹlòmíràn.

Àwọn ọmọbìnrin wa náà ńkọ́, àwọn tí kò tíì pé ọdún 19, ní Malaysia ní oṣù kìíní 2025? Òjò sọ eré di ófà 13, Nàìjíríà ní 65. New Zealand ń wá rọ́ọ̀nù 9 ní ófà tó kẹ́yìn, ọwọ́ Lillian Udeh ni bọ́ọ̀lù wà, 6 ló fún wọn. Rọ́ọ̀nù 2 la fi jẹ ẹ́. Lójú tèmi, ohun tí Mànàmáná ò ní lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn: ọwọ́ tó dá ṣáká tó ṣẹ́kù sílẹ̀ de ìgbẹ̀yìn.

Mo ti pinnu pé mi ò ní dìbò fún un. Àmọ́ a lọ jẹ sùyà ní Ọbáléńdé lẹ́yìn eré, ó wá jókòó tì mí. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó yẹ kí n ti fi ófà kan pamọ́. Ọmọ ọlọ́wọ́ òsì yẹn ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ pè.” Àlùbọ́sà há mi lọ́nà ọ̀fun.

Mo fẹ́ dìbò fún un báyìí, bí wọ́n bá máa fi ẹni tó wà lẹ́yìn wíkẹ́ẹ̀tì ṣe igbákejì rẹ̀, kó máa ka ófà fún un. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn, ká ní o wà nílé. Kí lo rò? Fèsì kí Sátidé tó pé.

Ìbọ̀wọ́ rẹ ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mi ò ní parọ́ fún ọ, eku ti jẹ àtàǹpàkò ọ̀tún.

Ọ̀rẹ́ rẹ títí láé.