Lẹ́tà sí àbúrò mi tí mo pè ní ọ̀lẹ

Àbúrò mi,

Orí òkè Iseran, nílẹ̀ Faransé níbi tí mo ti lọ gun kẹ̀kẹ́, ni mo ti fẹ́ kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n òtútù ò jẹ́ kí ìka mi ṣeé ká lọ́jọ́ náà. Mo ti délé báyìí. Itan ṣì ń ro mí, mo sì fẹ́ kọ ọ́ kí ara mi tó gbàgbé. Ìta gbangba ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí, torí níṣojú àwọn èèyàn ni mo ti pè ọ́ ní ọ̀lẹ.

O rántí. Ọmọ ọdún 12 ni mí, ọmọ ọdún 9 ni ọ́. Ọlidé la lọ lò ní Ẹfọ̀n Alààyè, bàbá kan sì máa ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere háyà fáwọn ọmọdé ní oríta. Owó tí Màmá ní ká fi ra búrẹ́dì ni mo san fún un. Ìwọ ò fẹ́ lọ. Èmi ni mo ní dandan ká gun òkè náà, èmi, ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta. A ò tíì dé ìdajì tí o fi sọ̀ kalẹ̀, o jókòó sétí títì, o ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi." Mi ò lómi. Mo ní, "Ọ̀lẹ! Ìwọ yìí, ọkùnrin?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ọ́ síbẹ̀, mo gun òkè mi dé orí.

Nígbà tí mo máa fi padà wá, o ti ká ara rẹ jọ sínú koríko, o ń gbọ̀n. Lóru ọjọ́ yẹn o sunkún títí ohùn rẹ fi há. Orúnkún, ìgbáròkó, ẹ̀yìn, kò síbi tí a fọwọ́ kàn tí o ò ké. Títí di ìgbà yẹn, làkúrègbé ni gbogbo wa ń pè é. Ìyá àgbà kan ládùúgbò tiẹ̀ ti sọ fún Màmá pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àbíkú ni ọ́. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé ọ lọ lọ́jọ́ náà ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò tí wọ́n ní SS ni. Fòníkú-fọ̀ládìde. Bàbá jẹ́ AS, Màmá jẹ́ AS. Bí tọkọtaya bá rí báyẹn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kọ́mọ jẹ́ SS. Èmi bọ́ sórí AS, ìwọ bọ́ sórí SS. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí mo bá ní àìmọ̀ ló fà á, irọ́ ni mo pa. Àní lẹ́yìn tí a ti mọ̀, mo ṣì ń bínú tí o bá ní kí n bá ọ pọnmi nígbà ọ̀yẹ́. Mo ṣì ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé o fẹ́ràn kí wọ́n máa kẹ́ ọ.

Àwa 12 la gbéra lórí kẹ̀kẹ́ lóṣù Keje, láti Thonon-les-Bains létí adágún Geneva, a dorí kọ Nice létí òkun. Àwọn ará Faransé ń pe ọ̀nà náà ní Route des Grandes Alpes. Ó lé ní kìlómítà 700, bí èèyàn bá sì ro gbogbo òkè tí a gùn níbẹ̀ pọ̀, ó ju mítà 15,000 lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá la fi rìn ín. Ọkọ̀ kan ń gbé ẹrù wa tẹ̀ lé wa. Owó táwọn èèyàn dá fún wa, ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn ìdílé tó ní fòníkú-fọ̀ládìde lọ́wọ́ níbi tí mò ń gbé la kó o fún, kí wọ́n lè máa bá wọn san owó iná tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná. Ìwọ mọ ohun tí òtútù ń ṣe. Ó ju ká máa gbọ̀n lásán lọ fún ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ bíi tìrẹ.

Kí n tó lọ, o fohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mi ò tíì pa á rẹ́. "Àǹtí mi, ẹ má dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín kẹ́ ẹ tó mumi. Ẹ sinmi kó tó rẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá ti làágùn, ẹ pààrọ̀ aṣọ, ẹ má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ mọ́ yín lára." Mo ní mo ti gbọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ sùn lọ́nà, ọkùnrin tó ń ṣáájú wa, tó ti ń gun àwọn òkè yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, pè wá jọ, ó sì sọ ohun mẹ́ta tó ń pa èèyàn lára níbẹ̀ fún wa. Àbúrò mi, ohun mẹ́ta tí o sọ náà ni. Bó ṣe tò ó gan-an ni o ṣe tò ó. Mi ò lè jẹun mọ́. Ìmọ̀ tí ó fi ẹsẹ̀ kọ́ lórí òkè, orí ibùsùn ni ìwọ ti kọ́ ọ, a sì ń pè é ní ìkẹ́ra.

Mi ò ní ròyìn gbogbo òkè fún ọ. Colombière le, Aravis rẹwà, màlúù pọ̀ níbẹ̀, aago tí wọ́n so mọ́ wọn lọ́rùn ni a fi ń mọ̀ pé wọ́n wà nítòsí nínú kùrukùru. Iseran ni mo fẹ́ sọ.

Mítà 2,764 ni. Kò sí ọ̀nà ọlọ́dà tó gba àárín òkè méjì kọjá ní gbogbo Alps tó ga tó o. Ọdún 1937 ni wọ́n ṣí i. Lọ́dún 2019, àwọn tó ń díje Tour de France, eré ìje kẹ̀kẹ́, gùn ún tán, òjò yìnyín àti ẹrẹ̀ tó ya lu ọ̀nà ní ìsàlẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè parí eré ọjọ́ náà. Láti Bourg-Saint-Maurice, ó lé ní kìlómítà 40 kéèyàn tó dé orí ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ri àwọn òkúta sí, tí wọ́n kọ iye kìlómítà tó kù sí lára. Nígbà tó ku mẹ́ta, òjò bẹ̀rẹ̀. Mo ti yí jíà dé èyí tó fúyẹ́ jù, kò sí òmíràn. Níbi tó ga tó yẹn, agbára afẹ́fẹ́ ò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti etí òkun. Mò ń mí, èémí ò dé ìsàlẹ̀ àyà. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé AS náà ní láti ṣọ́ra níbi gíga, pé bí ìrora bá mú mi lábẹ́ ìhà òsì, kí n sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìrora ò mú mi. Agbára ló tán.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó ti òkúta kìlómítà náà, mo ká ara mi jọ. Omi tó wà nínú ike mi ti tán. Ẹni tó dé bá mi ni obìnrin ẹni ọdún 63 kan láàárín wa. Mo gbójú sókè, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi." Bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi, ohùn rẹ ni mo gbọ́.

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọn tì mọ́ tèmi, wọ́n fún mi lómi, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn kan fún mi, wọ́n sì jókòó tì mí nínú òjò. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó ń lé wa." A jókòó síbẹ̀ títí mo fi lè dìde. Ohun tó yẹ kí n ṣe ní Ẹfọ̀n nìyẹn. Kò gba agbára, kò gba owó.

Mo mọ̀ báyìí pé bí afẹ́fẹ́ bá dín nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, ńṣe ló ń wọ́ bíi dòjé, tí á sì há sínú iṣan. Ṣùgbọ́n orí ìwé ni mo ti mọ ìyẹn. Jíjókòó tí mo jókòó sídìí òkúta yẹn ló jẹ́ kó yé mi pé, ohun tí òkè mítà 2,764 fi ojú mi rí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, òkè kékeré kan ní Ẹfọ̀n tó láti fi ojú rẹ rí i, o sì gùn ún títí ara fi kọ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí o gùn ún.

Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

A gun Galibier lọ́jọ́ kejì, a kọjá Briançon, a gun Izoard àtàwọn yòókù, a sì rí òkun. Mò ń pààrọ̀ aṣọ lórí gbogbo òkè kí n tó dà sísàlẹ̀. Ike omi méjì ni mo ń gbé.

O bi mí bóyá o lè bá wa lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Kì í ṣe òkè gíga, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan wà létí odò Loire, tó tẹ́jú lọ bẹẹrẹ. Bí dókítà rẹ bá fọwọ́ sí i, ìwọ ni wàá ṣáájú. Níbi tí o bá ti dúró, ibẹ̀ ni gbogbo wa máa dúró.

Kí n tó gbé lẹ́tà yìí síta, mo pe Màmá, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ òkè Ẹfọ̀n fún wọn. Ó lé ní ọdún 30 tí ìwọ ò fi sọ ọ́ fún wọn, o ò sì fi bú mi rí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ kejì ẹ̀, pé bàbá oníkẹ̀kẹ́ ló wá sọ fún àwọn, pé àwọn kàn ń dúró kí n sọ ọ́ fúnra mi ni. Wọ́n wá ní kí n bi ọ́ bóyá o ti mumi lónìí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin